Ẹyẹ Tó Ń Wúkọ́

Ẹnu mi ló kó bá mi, bẹ́ẹ̀ n kì í sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìtàn ìgbésí ayé lójú ewé yìí, ẹ ti ka ti ọkọ tó dalẹ̀ aya, ẹ ti ka ti ọ̀rẹ́ tó gba ọkọ ọ̀rẹ́. Èmi kò gba ọkọ ẹnikẹ́ni. Ẹyẹ ni mo dà. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ tètè rín in, torí bó bá yá, kò ní sí àyè rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, èsì ìdánwò mi kò dára, kò sì burú. Ó kàn wà níbẹ̀, bí èmi náà ṣe máa ń kàn wà níbẹ̀. Ìyá mi ní, “Ọmọ tí kò lè kí aládùúgbò láì wolẹ̀, ta ni yóò gbà á síṣẹ́?”

Àjọ ló gbà mí. Àjọ ìjọba ni, iṣẹ́ wọn ni láti dáàbò bo ilẹ̀ àdáyébá àti ibùgbé àwọn ohun abẹ̀mí tó ti ń tán lọ láyé. Orúkọ rẹ̀ gùn débi pé kò gba ojú pátákó. Ẹni tó kọ ọ́ ní láti há ìyókù mọ́ ìsàlẹ̀ ní wínniwínni. Gbogbo wa kàn ń pè é ní Àjọ.

Àbàtà ńlá kan tó wà lẹ́yìn òpópónà tó kẹ́yìn ìlú ni à ń ṣọ́. Omi ni, ẹrẹ̀ ni, eèsún tó ga ju ènìyàn lọ ni. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ògiri àwọn ilé tuntun ti ń rákò bọ̀ wá bá a. Ẹyẹ kan wà nínú àbàtà yẹn tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbòmíì mọ́. Nínú ìwé, orúkọ tó ń jẹ́ kò yí lẹ́nu mi. Àwa ẹ̀ṣọ́ ń pè é ní Agbóhùnmárìí, torí o lè gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, ní ìrọ̀lẹ́, kí o má fojú kan ìyẹ́ rẹ̀ kan.

Ọ̀gá wa obìnrin là á mọ́lẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún.

“Òfin tó dá àbàtà yìí sí, kì í ṣe nítorí omi, kì í ṣe nítorí koríko. Nítorí ẹyẹ yẹn ni. Lọ́dọọdún, ìjọba á rán ènìyàn wá bi wá pé, ‘Ẹyẹ yín ńkọ́, ṣé ó ṣì wà?’ Lọ́jọ́ tí a bá ti ní kò sí mọ́, katapílà ti wọlé nìyẹn. O gbọ́?”

“Mo gbọ́, mà.”

“Mi ò gbọ́ ẹ.”

“Mo gbọ́, mà!”

Níwọ̀n bí ẹyẹ náà kò ti ṣeé rí, pípè là ń pè é. A ó tu ọkọ̀ wọ inú eèsún ní ìdájí, ẹ̀ṣọ́ kan á fi ẹnu ké bí akọ ẹyẹ náà. Akọ tó ni ibẹ̀ á rò pé akọ mìíràn ló wá gba ilẹ̀ òun, á sì dáhùn tìbínú-tìbínú, bí onílé tó bá àjèjì lẹ́nu ọ̀nà. Iye tó bá dáhùn ni iye tó wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yé ẹyin báyìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ké mọ́. Ẹnu-Dídì là ń pe àkókò náà. Kódà, ẹni tó bá fẹ́ sín á fi aṣọ dí imú.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni àgbà ẹ̀ṣọ́ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Bàtà, nítorí bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kì í bọ́, ìbáà jẹ́ ní báńkì. Etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ràn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní láti yí sí apá ọ̀tún rẹ̀, bí ẹni tó ń yí ilé po wá ilẹ̀kùn.

“Súnnu pọ̀,” ni ó wí. “Kùn ún láti ọ̀fun. Kùn ún, kùn ún… wá là á lójijì!”

Mo kùn ún, mo là á. Ẹyẹ kan dáhùn láti inú eèsún lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Bàtà fi àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ sílẹ̀, ó ń wò mí. “Ìwọ Jẹ́jẹ́? Ìwọ tí o kì í sọ pé ẹ káàárọ̀ tán?” Ibẹ̀ ni mo ti gba Jẹ́jẹ́ lórúkọ.

Àbùkù kan ló wà níbẹ̀. Bí mo bá ti ké tán, èémí mi máa ń há díẹ̀, ikọ́ kékeré kan á sì bọ́ lẹ́nu mi: “ẹ́hẹ̀.” N kò lè dá a dúró. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ti Ẹ̀gbọ́n Bàtà sómi.

“Ẹyẹ tìẹ ń wúkọ́ o! Ẹ bá wa wá oògùn ikọ́ fún ẹyẹ yìí kó má kó o ran àwọn tó kù!”

Àwọn ẹyẹ kò bìkítà. Bóyá wọ́n rò pé àjèjì tó wá jà wọ́n nílẹ̀ yìí, ara rẹ̀ kò yá ni.

Lọ́jọ́ kan nígbà Ẹnu-Dídì, a dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, à ń ṣọ́ ìtẹ́ kan láti òkèèrè. Mo gbọ́ akọ tó ń gbé oúnjẹ bọ̀ fún abo tó sàba lórí ẹyin. Kò ké. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó ń kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń jí olólùfẹ́ rẹ̀ lójú oorun tí kò fẹ́ kó ta gìrì. Abo dìde lórí ẹyin, ó jáde wá bá a.

N kò mọ ìgbà tí ọ̀fun mi dá a sọ. Ẹ̀gbọ́n Bàtà da àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu, àtẹrẹ̀ àtomi.

“Ìyẹn kì í ṣe ìpè,” ó sọ ọ́ sí mi létí. “Ọ̀rọ̀ inú yàrá tọkọtaya nìyẹn. Tí abo bá ti gbọ́ ọ, á fi ẹyin sílẹ̀. Má ṣe é mọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni láyé gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ.”

Mo mi orí. Ẹrẹ̀ wà léyín mi títí a fi dé èbúté.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Dókítà Fóònù.

Fóònù mi ló bọ́ sínú àbàtà. Wọ́n júwe ìsọ̀ kan fún mi níwájú ibùdókọ̀, onígíláàsì, tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: DÓKÍTÀ FÓÒNÙ, ÒKÚ Ń JÍ. Ọmọbìnrin kan jókòó sínú rẹ̀, ó fi awò kékeré kan sí ojú kan, ó di ojú kejì.

“Kí ló ṣe é?”

“Omi.”

“Omi wo?”

“Omi.”

Ó yọ awò lójú, ó wò mí. “Ọ̀rọ̀ kan yìí nìkan lo ní ni? Àbí àwọn tó kù bá fóònù rì?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti pa mí lẹ́rìn-ín láì jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń fi ṣẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn fún fóònù tí ara rẹ̀ le koko. Lónìí, kò gbọ́ràn. Lọ́la, ó ń gbóná. Òun náà mọ̀. Á gbà á, á gbé e sílẹ̀ láì ṣí i, á ní, “Aláìsàn ní láti sinmi díẹ̀. Jókòó.”

Nígbà tó bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi gan-an, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mo súnnu pọ̀, mo sì ké.

Irin tó fi ń tú fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá dúró. Ọmọ kékeré kan ń wo orí òrùlé, ó ń wá ẹyẹ.

“Tún ṣe é!” Ó ti na fóònù rẹ̀ sí mi lẹ́nu. “Jọ̀ọ́, lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Mo mọ̀ pé òfin Àjọ ni pé a kò gbọdọ̀ gbé ìpè náà jáde kúrò nínú àbàtà. Ẹ má rò pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára mi báyìí, gbogbo rẹ̀, ojú méjèèjì. Mo tún ṣe é. Mo wúkọ́. Ó ká a sílẹ̀.

Ó fi í ṣe ohùn tí fóònù rẹ̀ ń ké bí ẹnì kan bá pè é. Oníbàárà kan gbọ́ ọ, ó ní kó fún òun náà. Láti ọwọ́ oníbàárà yẹn ó dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀, ó dé ilé búrẹ́dì. Mo lè jókòó nínú bọ́ọ̀sì kí n gbọ́ ara mi nínú báàgì obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí. Èmi tí n kì í lè sọ fún awakọ̀ pé mo fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, tí mo máa ń dúró kí ẹlòmíràn wí i, ohùn mi wá ń wọ ilé tí n kò wọ̀.

Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìyẹn náà.

Àwọn ẹyẹ ti yé ẹyin nígbà tí Dókítà Fóònù ní bàbá òun fẹ́ rí mi.

Ilé wọn mọ́ tónítóní. Lẹ́yìnkùnlé, àgò lórí àgò, ẹyẹ lóríṣiríṣi ló wà nínú wọn. Bàbá náà rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń gbálẹ̀ abẹ́ àgò fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ń gbá iwájú ilé ìjọsìn. Ládùúgbò, Bàbá Alágò ni wọ́n ń pè é. Ó ń kó ẹyẹ fún àwọn ẹni ńlá tí ń fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Ó fún mi ní tíì àti búrẹ́dì.

“Ọmọ mi ní o máa ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀.”

Mo wo inú tíì mi.

“Kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ sá,” ni Dókítà Fóònù wí, ó rọra fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. “Ẹyẹ nìkan.”

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó tẹ̀ ẹ́, mo sì gbọ́ ara mi: ìpè, lẹ́yìn náà ikọ́.

“Èyí dára. Ṣùgbọ́n ìpè ìta nìyí. Akọ ló ń bínú sí i. Akọ kò wúlò fún ẹnì kan, kì í pẹ́ kú nínú àgò.” Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. “Kí ni akọ máa ń sọ fún ìyàwó ẹ̀?”

Mo bu búrẹ́dì sẹ́nu.

“Ó mọ̀ ọ́n,” ni Dókítà Fóònù wí. “Ó ní òun mọ̀ ọ́n, ó kọ̀ láti ṣe é fún mi.”

“Hẹn-ẹ́n.” Bàbá náà fara ti àga. “Wò ó, ọmọ mi. Mi ò béèrè bàbá ẹ, mi ò béèrè ilé ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè lanu níwájú mi, báwo ni màá ṣe fún un lọ́mọ? Bó bá dọjọ́ tí nǹkan ṣe ọmọ mi lọ́wọ́ ẹ, ṣé ojú ni wàá fi sọ ọ́ fún mi?”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín náà, wọ́n ń wò mí.

Lẹ́yìn èjìká bàbá náà, mo rí àgò kan tó dá dúró. Tuntun ni, ó ga ju àwọn yòókù lọ, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n ti gé eèsún tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Eèsún náà ṣì tutù, ibi tí ọ̀bẹ gbà ṣì ń ṣomi.

Eèsún kì í hù láàárín ìgboro.

Mo rí i. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Ẹni tó bá ń ka ìtàn yìí lè rò pé wọ́n tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ ni. Ojú mi kò fọ́. Mo rí eèsún, mo sì mọ ohun tí wọ́n tẹ́ ẹ dè.

Dókítà Fóònù na fóònù sí mi lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ìgbà àkọ́kọ́.

Mo kùn ún, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun. N kò ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ẹyẹ inú àgò pàápàá pa kẹ́kẹ́. Mo wúkọ́ díẹ̀.

“Àna mi,” ni Bàbá Alágò wí, ó sì bu ṣúgà sí i nínú tíì mi.

Lójú ọ̀nà ilé, mo ń retí kí ẹ̀rù bà mí. Kò bà mí. Mo ń retí ayọ̀. Kò dé. Mo kàn ń ka ilẹ̀kùn tí wọ́n kùn ní búlúù.

Ọdún yẹn, ìtẹ́ kan ṣoṣo la rí nínú gbogbo àbàtà. Akọ kan, abo kan, ẹyin. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti Ẹ̀gbọ́n Bàtà lọ wò ó láti ibi tí a máa ń dúró sí. Ẹ̀gbọ́n Bàtà gbé awò tí a fi ń wo òkèèrè sójú, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

“Ẹnì kan ti wọ ibẹ̀.”

A tu ọkọ̀ dé ìdí ìtẹ́ náà. Wọ́n ti tẹ eèsún lulẹ̀. Àwọ̀n tí wọ́n ta ṣì wà níbẹ̀, akọ sì wà nínú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bóyá ó gbọ́ ohùn akọ mìíràn tó ń sọ ọ̀rọ̀ inú yàrá rẹ̀ ni ó ṣe sáré bọ̀. Abo kò sí. Ẹ̀gbọ́n Bàtà mú ẹyin kan, ó fi í mẹ́rẹ̀kẹ́.

“Ó ti tutù.”

Ìgbà yẹn gan-an ni mo fojú kan Agbóhùnmárìí nítòsí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa.

Ó jọ pé tìkánjú-tìkánjú ni àwọn tó wá síbẹ̀ fi lọ. Wọ́n gbàgbé nǹkan kan tí wọ́n so mọ́ ìdí eèsún: ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan àti fóònù kan nínú ọ̀rá. Ẹ̀gbọ́n Bàtà tú u, ó fi í sínú àpò rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì.

Ọ̀gá pe gbogbo ẹ̀ṣọ́ jọ. Ọlọ́pàá kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Fáànù òkè ń yí, apá rẹ̀ kan sì ń kan okùn iná lórí àjà: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Èèrà kan ń gbé èérún búrẹ́dì gba etí tábìlì lọ, ìrìn rẹ̀ kò yà. Mo ń wò ó.

Ọ̀gá gbé fóònù náà sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́.

Ìpè ìta kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ inú yàrá.

“Ẹyẹ gidi ni wọ́n ká ohùn ẹ̀,” ni Ọ̀gá wí. “Ta ló sún mọ́ ọn tó báyìí tí a kò rí i?”

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ní, “Ọ̀gá, ó lè jẹ́ àwọn tó wá ya fọ́tò lọ́jọ́sí.”

Òmíràn ní, “Àwọn yẹn? Àwọn tó ń bẹ̀rù àkèré?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bàtà kò rín. Ó dìde níbi tó wà, ó yí tábìlì po, ó wá tẹ etí rẹ̀ ọ̀tún sún mọ́ fóònù náà.

“Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, Ọ̀gá.”

Ọ̀gá tún tẹ̀ ẹ́. Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ́hẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Bàtà kò gbé orí sókè kíákíá. Nígbà tó gbé e, èmi ló wò.

“Jẹ́jẹ́. Ikọ́ ẹ ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀, sà.”

“Ikọ́ wo?” ni Ọ̀gá bi í.  Ó wo Ẹ̀gbọ́n Bàtà, ó wò mí, ó tún tẹ fóònù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ikọ́ náà dún, ó yọ awò ojú rẹ̀, kò sì nù ún.

“Ta lo ṣe é fún?”

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí fóònù tó bọ́ sómi dé orí ṣúgà inú tíì. N kò sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí níwájú ènìyàn. Mo ń gbọ́ ara mi bí mo ṣe máa ń gbọ́ ara mi nínú báàgì ẹlòmíràn. Èèrà ti kó èérún rẹ̀ délé.

Ẹ̀gbọ́n Bàtà kò bú mi. Ó kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nu ara ṣòkòtò, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ọwọ́ tó fi bò mí lẹ́nu nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà ni.

Ọlọ́pàá lọ mú Bàbá Alágò. Abo náà wà nínú àgò tuntun yẹn lórí eèsún. Kò jẹun láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé. Ó kú kí Ọ̀gá tó gbé e dé ọ́fíìsì.

Mo lọ sí ìsọ̀ onígíláàsì. Dókítà Fóònù ń tú fóònù ẹnì kan, kò yọ awò lójú.

“O rí eèsún yẹn,” ló wí.

“Mo rí i.”

“Èmi náà rí i. Mo ní nínú ara mi pé, ìwọ lẹ̀ṣọ́, o kúkú wà níbẹ̀, o ń wò ó. Tí nǹkan bá burú, wàá sọ̀rọ̀.” Ó fẹ́ eruku kúrò lára fóònù náà. “O ò sọ̀rọ̀. O ké bí ẹyẹ.”

 Ó na ọwọ́, ó fa gíláàsì pa dé.

Mo ti di ẹrù mi lọ́jọ́ tí Ọ̀gá pè mí. Mo rò pé yóò lé mi.

“Mi ò ní lé ẹ,” ló wí. “Lílé rọ̀ ẹ́ lọ́rùn jù. Bí àkókò pípè bá dé, ìjọba á rán ẹni tó máa wá gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó lè pè é bíi tìẹ. Ẹnu tó bà á jẹ́ yẹn, òun náà la máa fi wá a. Bóyá ọ̀kan ṣẹ́ kù níbì kan.”

Gbogbo ìgbà tó wà láàárín, Ẹ̀gbọ́n Bàtà kò pè mí ní Jẹ́jẹ́ mọ́. “Ìwọ yẹn, mú àjẹ̀.” “Ìwọ yẹn, fà á.”

Àkókò dé. Ní ìdájí, a wọ ọkọ̀, àwa mẹ́rin: èmi, Ẹ̀gbọ́n Bàtà, Ọ̀gá, àti ọkùnrin kan tí ìjọba rán wá, tó di bíríkéèsì rẹ̀ mọ́ àyà kí omi má ta sí i. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní, “Ọ̀kan péré ti tó. Bí ọ̀kan bá dáhùn, àbàtà yín ṣì jẹ́ tiyín. Ṣùgbọ́n mo ní láti gbọ́ ọ fúnra mi.”

Mo ké. Omi nìkan ló ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

A lọ síwájú. Mo ké. Àkèré kan bẹ́ sómi.

Oòrùn yọ. Mo ké títí ọ̀fun mi fi le. Lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan ni ikọ́ mi, lẹ́yìn ikọ́ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀gá kò wo ẹnikẹ́ni mọ́. Igun tó kẹ́yìn ló kù, ní ìhà ibi tí ògiri àwọn ilé tuntun wà. Ọkùnrin ìjọba náà ti ń wo aago.

Mo ké.

Ó dáhùn.

Láti ẹ̀yìn eèsún, lókèèrè, ó kùn, ó sì là.

“Ó dáhùn!” Ẹ̀gbọ́n Bàtà dìde dúró nínú ọkọ̀, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. “Ẹ gbọ́ ọ! Ó dáhùn! Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ọ?” Ó gbá mi léjìká mú. “Jẹ́jẹ́! Jẹ́jẹ́, ó ṣẹ́ ku ọ̀kan!”

Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Omi ń jáde lójú rẹ̀. Ọkùnrin ìjọba náà mi orí, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. “Mo gbọ́ ọ,” ló wí. “Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ó ti tán. Ẹ kú oríire.”

Ó tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Atẹ́gùn fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa díẹ̀. Níparí rẹ̀, mo gbọ́ nǹkan kékeré kan tí etí ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n Bàtà kò lè gbọ́ láti ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn méjì yòókù kò fetí sí nínú ayọ̀ wọn.

Lẹ́yìn náà ló gé lójijì, bí ìgbà tí ẹnì kan gbé fóònù. Òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ kan lẹ́yìn ògiri, bóyá. Bóyá ìyàwó rẹ̀ ló ń pè é.

Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Bàtà wà léjìká mi, ó wúwo, ó gbóná. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn mí. Gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n má ṣe nǹkan kan. Kí n wolẹ̀. Ohun tí mo ti ń ṣe láti kékeré nìyẹn.

“Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ẹyẹ.”

“Kí ni kì í ṣe ẹyẹ? Ṣé o ò gbọ́ ọ ni?”

“Ó wúkọ́, sà.”

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà léjìká mi fún ìgbà díẹ̀, bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e kúrò, ó jókòó, ó mú àjẹ̀, ó sì yí orí ọkọ̀ padà.

Ní èbúté, Ọ̀gá dúró tì mí. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

“Gbogbo ọjọ́ ayé ẹ lo fi ń dákẹ́,” ló wí. “O dákẹ́ nígbà tó o rí eèsún. Òní yìí nìkan ni dídákẹ́ ẹ ì bá ṣe wá lóore.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa. Nígbà tí mo bá bi ara mi, kò sí ohun tó ń dáhùn.

Katapílà ti wọ àbàtà. Wọ́n ti yọ pátákó Àjọ, ti òun ti ìyókù orúkọ rẹ̀ wínniwínni. Wọ́n gbé Ẹ̀gbọ́n Bàtà lọ sí ọ́fíìsì kan ní ìgboro, wọ́n ní kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kan láti òdìkejì títì. Bàtà aláwọ ló wọ̀. Mo wolẹ̀, mo kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ lẹ máa ń retí níbí. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ohùn náà ṣì wà níta. Mo gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì lánàá. Ọmọdé kan bi ẹni tó ni fóònù pé ẹyẹ wo nìyẹn, onítọ̀hún ní, “Mi ò mọ̀, ó ṣáà dùn létí.” Bí ó bá wà lórí fóònù yín, ẹ fetí sí ìparí rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ikọ́, èmi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́, torí àbàtà mìíràn lè wà níbì kan, kí ẹnì kan sì wà nínú ọkọ̀ ní ìdájí, tó ń pe ẹyẹ, tó ń dúró.

Ẹ má jẹ́ kí èmi ni mo máa dá a lóhùn.